Ẹ̀pẹ́ Wo Lẹ Ti Wá?

Ẹ fi aṣọ yẹn sílẹ̀ ná, ọṣẹ ò ní sá. Ṣé ẹ ò sí nílé ní Sátidé tí wọ́n wá ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ Sìdí, ọmọ Bàbá Lánlọ́ọ̀dù? Haa, ẹ pàdánù o! Mi ò sọ̀rọ̀ oúnjẹ. Wọ́n gbé ti yín pa mọ́, bí Ìyá Ìbejì ò bá tíì ṣí i. Ìran ni mo ní ẹ pàdánù.

Alága ìjókòó ti gba owó ìkúnlẹ̀, ó ti gba owó ìdìde, ó ti gba owó kan tí èmi ò mọ orúkọ rẹ̀ títí di báyìí. Ó wá ní kí àwọn àna sọ ìlú tí wọ́n ti wá. Wọ́n ní Ẹ̀pẹ́ ni. Kó tán síbẹ̀ ni, àbí? Ẹ kúkú mọ Bàbá Lánlọ́ọ̀dù. Wọ́n já máíkì gbà: "Ẹ̀pẹ́ wo? Èkó Ẹ̀pẹ́ ni àbí Ìjẹ̀bú Ẹ̀pẹ́?" Bàbá ọkọ ní, "Èkó ni, sà." Ìyá ọkọ, tó jókòó tì wọ́n pẹ́kípẹ́kí, ní, "Ìjẹ̀bú ni, sà." Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ wó kánópì lu wá.

Ìyá Ìbejì tẹ̀ sí mi létí pé ṣé Ẹ̀pẹ́ pín sí méjì ni. Mo ní ìlú kan ni, ọ̀sà kan náà ni wọ́n jọ ń wò láràárọ̀, ṣùgbọ́n ìdílé ńlá méjì ló wà nínú rẹ̀, oníkálukú ló sì ní ọba tirẹ̀.

Ìjẹ̀bú ló kọ́kọ́ wà níbẹ̀. Ní oṣù December 1851, àwọn Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn àgbá lu Èkó, wọ́n lé Ọba Kòsọ́kọ́ lórí oyè, wọ́n gbé Akítóyè padà síbẹ̀. Àbúrò bàbá Kòsọ́kọ́ ni Akítóyè o, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi pé inú ilé wa yìí ni ìjà ẹbí ti bẹ̀rẹ̀. Kòsọ́kọ́ forí lé ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, Awùjalẹ̀ sì gbà á láyè ní Ẹ̀pẹ́. Ẹ rò ó wò ná: wọ́n ní àlejò ń bọ̀ wá sùn nílé yín, àlejò wá dé tòun tọkọ̀ ogun, ìbọn, ìyàwó, ọmọ, ẹrú, àti ààfáà tí yóò máa pèrun.

Ẹ sì lè rò pé yóò jókòó máa sunkún Èkó. Ọ̀gbẹ́ni ń ṣòwò! Ní September 1854, Campbell, kọ́ńsùlù Gẹ̀ẹ́sì, bá a fọwọ́ sí ìwé àdéhùn ní Ẹ̀pẹ́ níbẹ̀. Kòsọ́kọ́ ní òun ò ní gbógun ti Èkó mọ́. Wọ́n gbà pé èbúté tirẹ̀ ni Palma àti Lẹ́kí, pé wọn yóò sì máa fún un ní 1,000 dọ́là lọ́dọọdún, tàbí owó ẹyọ tó bá a mu. Palma yẹn ni Orímẹ́dù o. Epo pupa ni wọ́n ń kó gba ibẹ̀ lọ sókè òkun. Ìgbà tí wọ́n ṣí èbúté ńlá Lẹ́kí ní January 2023, tí gbogbo yín ń pariwo pé irú ẹ̀ ò ṣẹlẹ̀ rí lápá ibẹ̀, ṣe ni mo ń rẹ́rìn-ín sínú.

Ní 1862, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ kí Kòsọ́kọ́ padà sí Èkó. Òṣòdì Tápà, balógun rẹ̀, náà padà, Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó ní Ìsàlẹ̀ Èkó sì ni òun àtàwọn èèyàn rẹ̀ sọ̀ sí. Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó yẹn kan náà ni Abíọ́lá ti kéde ara rẹ̀ ní ààrẹ ní June 11, 1994. Bàbá Lánlọ́ọ̀dù ní ojú àwọn ló ṣe. Ojú wọn kẹ̀? Inú mọ́lúè ní Kẹ́tu ni wọ́n ti gbọ́ ọ, ìyàwó wọn ló sọ fún mi. Kí la tiẹ̀ ń sọ bọ̀? Ẹn-ẹ́n, Ẹ̀pẹ́. Kì í ṣe gbogbo wọn ló bá Kòsọ́kọ́ padà. Ẹni tó ti fẹ́yàwó, tó ti kọ́lé, tó ti mọ ibi tí ẹja ń sùn, kí ló ń wá lọ Èkó? Àwọn tó jókòó yẹn ni Èkó Ẹ̀pẹ́. Títí dòní, lẹ́yìn Iléyá, wọ́n máa ń ṣe Káyókáyọ̀ láti fi rántí bí Kòsọ́kọ́ ṣe dé, ẹ sì máa rí ọmọ Ìjẹ̀bú Ẹ̀pẹ́ níbẹ̀ tí yóò jẹun jù wọ́n lọ.

Ọmọ Ìyá Ìbejì tó wà ní yunifásítì LASUSTECH gbọ́ ìtàn yìí lẹ́nu mi, ó ní irú ẹ̀ wà ní Thailand. Ó ní ní nǹkan bí irinwó ọdún sẹ́yìn, àwọn ará Jàpáàn ní àdúgbò tiwọn létí odò ní Ayutthaya, olú ìlú Thailand láyé ọjọ́un. Jagunjagun tí ogun ilé ti sọ di aláìlólúwa wà níbẹ̀, oníṣòwò tó ń kó awọ àgbọ̀nrín ránṣẹ́ sílé náà wà níbẹ̀. Ọ̀kan tó ń jẹ́ Yamada Nagamasa tiẹ̀ di olóyè ológun lọ́dọ̀ ọba. Mo ní Òṣòdì Tápà tiwọn nìyẹn! Ó ní àárín wọn ò sì já: ní 1993, òtútù ba ìrẹsì jẹ́ lóko ní Jàpáàn, wọ́n wá lọ ra ti Thailand, ni wọ́n bá ń yínmú pé kò lẹ̀ mọ́ra. Ẹ gbọ́ mi lágbọ̀ọ́tán! Ìrẹsì Thailand tí a fi ṣe ìsìnkú àti ìkómọ ní Ìkòròdú láti kékeré mi, tí alásè á máa bẹ Ọlọ́run kó má lẹ̀ mọ́ra! Ẹ̀yin tí ẹ ń fojú di ìrẹsì Ìmọ̀ta, ẹ gbọ́ o.

Sátidé la wà. Ìyá ọkọ gbé kúlà kan wá láti ọjà Olúwo. Wọn ò jẹ́ kí ọmọdé bá wọn ṣí i. Wọ́n fa òbòkún kan jáde, ó tó apá mi, wọ́n fi àtàǹpàkò ṣí ìjàgbá rẹ̀ fún ìyá Sìdí wò: ó pọ́n rokoṣo. Wọn ò sọ nǹkan kan, wọ́n dé kúlà padà. Mo mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé ìgbéyàwó ti yọrí. Ṣùgbọ́n ní ìdí ìkọ́kọrẹ́ ni wàhálà ti fẹ́ ṣẹlẹ̀. Ewùrà ti wà lórí iná, wọ́n ti fọwọ́ já a sínú ọbẹ̀ ní wóró wóró, ni àbúrò bàbá ọkọ, obìnrin Èkó kan báyìí, bá ki ọmọrogùn bọ̀ ọ́. Ìyá ọkọ pariwo, "Ẹ má rò ó! Ẹ jẹ́ kó dì ná!" Èyí tó wá pa mí lẹ́rìn-ín ni pé ìyá Sìdí, ọmọ Ìkòròdú, ti pariwo ọ̀rọ̀ kan náà láti ẹ̀yìn ilé. Báyìí, ta ni àjèjì síra wọn níbẹ̀?

Àní Bàbá Lánlọ́ọ̀dù tó ń bi èèyàn ní Ẹ̀pẹ́ wo! Ṣé Ìkòròdú já bọ́ láti òkè ni? Ọmọ Rẹ́mọ ni wá, ọjà àti ọ̀sà ló so wá mọ́ Èkó. Nígbà tí Ẹ̀gbá dó tì wá ní 1865 nítorí pé a fẹ́ máa bá Èkó ṣòwò láìgba ọwọ́ wọn, ọmọ ogun Glover, Gẹ̀ẹ́sì tó ń ṣàkóso Èkó nígbà náà, ló wá lé wọn. Mo rán Bàbá Lánlọ́ọ̀dù létí. Wọ́n ní kí n lọ bu omi fún àlejò.

Ìgbéyàwó gan-an di oṣù tó ń bọ̀. Àǹkárá kan náà ni gbogbo wa máa wọ̀, ṣùgbọ́n gèlè di mẹ́ta: bàbá ọkọ mú àwọ̀ fún Èkó Ẹ̀pẹ́, ìyá ọkọ ní Ìjẹ̀bú Ẹ̀pẹ́ ò ní wé ìyẹn láéláé, Ìkòròdú náà wá ní tirẹ̀. Èmi ni wọ́n ní kí n máa gba owó nínú ilé wa yìí. Ìyá Ìbejì ti san ìdajì. Ẹ̀yin ńkọ́? Mo ń gba tiransifá o.