Ajá Tó Lẹ́ni Lẹ́yìn

Àwọn àgbà ní ajá tó bá lẹ́ni lẹ́yìn á pa ọ̀bọ. Nígbà tí wọ́n ń pa òwe náà, ọdẹ lẹni ẹ̀yìn: ìbọn wà léjìká rẹ̀, iṣẹ́ sì wà lọ́rùn ajá. Ajá òde òní ṣì lẹ́ni lẹ́yìn, kódà ó ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ọ̀bọ ni kò sí mọ́. Áísìkirímù ló gbapò rẹ̀.

Ẹ wo Amẹ́ríkà. Lọ́dún 2021, ilé iṣẹ́ Ben & Jerry's gbé áísìkirímù ajá jáde. Àwọn kan ní ti inú ṣọ́ọ̀bù kò dára tó fún "ọmọ" àwọn, àfi káwọn fọwọ́ ara àwọn ṣe é. Wọ́n á gún ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ mọ́ yógọ́ọ̀tì tí kò ní ṣúgà, wọ́n á bu ẹ̀pà lílọ̀ sí i, wọ́n á dà á sínú abọ́ rọ́bà tó rí bí eegun, ó di inú fìrísà títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ajá á gbé e mì kí olówó rẹ̀ tó rí fóònù yọ ya fọ́tò.

Àyẹ̀wò ibẹ̀ ló pani lẹ́rìn-ín jù. Kí ẹ̀pà tó kan ẹnu ajá, olówó rẹ̀ á wọ awò, á ka gbogbo ohun tí wọ́n kọ sára ìgò. Ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Xylitol, adùn tí wọ́n ń fi rọ́pò ṣúgà nínú ẹ̀pà lílọ̀ mìíràn, lè mú kí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ajá já wálẹ̀ lójijì, kó sì ba ẹ̀dọ̀ rẹ̀ jẹ́. Ṣokoléètì lè pa ajá. Èso àjàrà lè ba kíndìnrín rẹ̀ jẹ́. Olówó ajá mọ gbogbo ìyẹn lórí. Bó bá ṣe tán, òun fúnra rẹ̀ á wá jókòó ti áísìkirímù oníṣokoléètì, kò ní yẹ ara ike rẹ̀ wò rárá, bí dókítà tiẹ̀ ti kìlọ̀ títí. Láyé àtijọ́, ajá la mọ̀ mọ́ ìjẹkújẹ.

A ò ní kí ajá máa jìyà o. Ooru ń mú òun náà, kì í sì í làágùn bíi tiwa. Ahọ́n ló ń yọ síta, tó ń mí hẹlẹhẹlẹ, kí ara rẹ̀ lè tutù. Omi tútù àti abẹ́ igi ti tó o. Fọ́tò kọ́ ló ń wá.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ lájá, ẹ ṣe áísìkirímù fún un bó bá wù yín, kẹ́ ẹ sì máa ka ara ìgò rẹ̀. Àmọ́ ẹ ka tiyín náà, torí ajá ò mọ̀wé.