Ìwé Pọ̀ ní Peckham, Ta Ni Yóò Kígbe Iná?

Ẹni tó bá mọ Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù mọ̀ pé kò sí ohun tó ń dákẹ́ níbẹ̀. Oníwàásù ń fi máíìkì pariwo lẹ́nu Rye Lane, alápatà ń la egungun, dẹ́rẹ́bà bọ́ọ̀sì ń fọn fèrè. Ohun kan ṣoṣo tí ẹ lè gbé àdúgbò yìí fún ogún ọdún kí ẹ má gbọ́ ohùn rẹ̀ ni áláàmù tó ń ké fún gbogbo ilé gogoro. Bẹ́ẹ̀, bó bá jẹ́ ti ìwé lórí ọ̀rọ̀ iná ni, ìlú wo ló tó Lọ́ńdọ̀nù? Ìwé àṣẹ wà fún ilé tí wọn kò tíì kọ́, ìwé wà fún èyí tí wọ́n ti kọ́, ìwé wà fún ilẹ̀kùn, ìwé sì wà fún ẹni tí yóò máa yẹ ilẹ̀kùn ọ̀dẹ̀dẹ̀ wò ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta. Ìwé nìkan ni kì í kígbe.

Wọn ò gbàgbé áláàmù o. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ni. Èrò tó wà nídìí ọ̀pọ̀ ilé gogoro ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni pé àpótí kọnkéré ni fúláàtì kọ̀ọ̀kan, iná tó bá ṣẹ́ nínú ọ̀kan kò ní lè jáde kíákíá, panápaná á sì ti dé. Nítorí náà, ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ lífìtì ń sọ fún yín pé bí iná kò bá sí nínú ilé tiyín, ẹ jókòó. Àwọn baba wa ní bí iná bá jó ni, tó jó ọmọ ẹni, tara ẹni là á kọ́kọ́ gbọ̀n. Òwe yẹn kò rí àṣẹ gbà níbí. Ká sòótọ́, ọgbọ́n wà nínú ìlànà náà. Àtẹ̀gùn kan ṣoṣo ló wà nínú púpọ̀ nínú àwọn ilé wọ̀nyí, bí gbogbo èrò bá sì dà wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ibo ni panápaná yóò gbà gòkè? Ó kàn jẹ́ pé ilé náà fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ ti ka ìwé yẹn.

Lakanal House kò kà á. Camberwell ló wà, kò jìnnà sí Peckham Road, ilé alájà mẹ́rìnlá tó jẹ́ ti ìjọba ìbílẹ̀ Southwark. Ní ọjọ́ 3 oṣù July 2009, tẹlifíṣàn kan gbiná ní àjà kẹsàn-án. Iná náà gba ara ògiri ìta gòkè, ó tún sọ̀kalẹ̀, èéfín sì gba ibi tí kò yẹ kó lè gbà. Àwọn tó pe 999 gbọ́ ohun tó wà nínú ìwé: ẹ dúró síbi tí ẹ wà. Obìnrin kan wà lórí fóònù fún ohun tó ju ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ, ó ń sọ pé èéfín ti ń wọlé bá òun, wọ́n sì ń ní kó má jáde. Ó kú síbẹ̀. Ènìyàn mẹ́fà ló kú, ọmọdé ni mẹ́ta nínú wọn, èyí tó kéré jù kò tíì pé oṣù kan láyé.

Láti October 2006 ni òfin ti ní kí onílé yẹ irú ilé bẹ́ẹ̀ wò, kó sì kọ ewu iná tó wà níbẹ̀ sílẹ̀. Southwark kò tíì ṣe ti Lakanal. Ó di February 2017 kí kóòtù tó dá ẹjọ́ náà: ìtanràn £270,000, owó ẹjọ́ £300,000. Ta ló san án? Ìjọba ìbílẹ̀ ò kúkú ní oko kòkó. Owó ilé tí ayálégbé ń san àti owó orí àdúgbò ló wà lápò rẹ̀. Ẹni tí wọ́n fi sínú ilé tí wọn ò yẹ̀ wò ló tún dá sí ìtanràn ẹni tí kò yẹ ilé wò. Bí olóyè bá ṣẹ̀ ní Ìbàdàn, tí wọ́n ní kí ará àdúgbò lọ ra ewúrẹ́ ètùtù, ariwo á sọ pé ìlú ti bàjẹ́. Níbí, ìdájọ́ ni wọ́n ń pè é.

Frances Kirkham, tó ṣe ìwádìí ikú àwọn mẹ́fà náà, ti kọ̀wé sí ìjọba ní 2013 pé kí wọ́n tún ìlànà iná tó wà fún kíkọ́lé wò. Wọ́n ṣì ń tún un wò lọ́wọ́ ní 14 June 2017, nígbà tí Grenfell Tower, ilé gogoro mìíràn ní Lọ́ńdọ̀nù, jó. Ìpè àkọ́kọ́ wọlé ní nǹkan bí aago kan òru. Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́tàlá kí aago mẹ́ta lù kí wọ́n tó yí ohùn padà pé kí ẹni tó bá lè jáde jáde. Ènìyàn 72 ló kú. Kò sí bọ́tìnnì kankan nínú ilé náà tí ẹnikẹ́ni lè tẹ̀ kó jí gbogbo wọn.

Lẹ́yìn èyí ni Gẹ̀ẹ́sì wá gba ọ̀nà Ìbàdàn lọ: wọ́n gba ọdẹ. Waking watch lorúkọ tí wọ́n sọ ọ́. Kí àwọn ènìyàn máa rìn láti àjà dé àjà tọ̀sán tòru, kí wọ́n máa gbóòórùn èéfín, bí wọ́n bá rí i kí wọ́n fọn fèrè, kí wọ́n sì máa gbá ilẹ̀kùn. Ọdẹ tiwa ní ṣakabùlà àti oògùn lára. Tiwọn ní jákẹ́ẹ̀tì yẹ́lò. Nígbà tí ìjọba ṣírò owó rẹ̀ ní 2020, ìdajì àwọn ilé tí wọ́n kà ló ń san ju £11,000 lọ lóṣù kan. Ní December ọdún náà ni wọ́n wá yọ £30 mílíọ̀nù sílẹ̀ kí wọ́n fi ra áláàmù. Ọdún mẹ́ta àtààbọ̀ ló gbà wọ́n láti mọ̀ pé agogo kì í tòògbé, kì í sì í gba owó oṣù.

Àwọn ará Ledbury Estate lẹ́bàá Old Kent Road náà mọ ọdẹ yìí dáadáa. Ilé gogoro mẹ́rin ló wà níbẹ̀ nígbà náà, ògiri wọn lanu, àwọn ayálégbé sì ti ń pariwo rẹ̀ tipẹ́. Lẹ́yìn Grenfell ni ìjọba ìbílẹ̀ tó gbọ́. Ní August 2017 wọ́n gé gáàsì gbogbo ilé náà, wọ́n sì kó ẹ̀ṣọ́ iná síbẹ̀ tọ̀sán tòru.

Ní báyìí, òfin ti pọ̀ sí i. Lábẹ́ Building Safety Act ti 2022, ilé gbígbé tuntun tó bá ga tó mítà 18 tàbí tó ní àjà méje gbọ́dọ̀ gba ẹnubodè mẹ́ta kọjá. Ẹnubodè kejì ni wọ́n ti ń gba àṣẹ kí ṣọ́bìrì tó kan ilẹ̀, ọ̀sẹ̀ 12 sì ni òfin fún àwọn aláṣẹ láti dáhùn. Ní 2025, ọ̀pọ̀ ló dúró ju ọ̀sẹ̀ 30 lọ. Àwọn tó fẹ́ yọ ìbòrí ògiri tó lè gbiná kúrò pàápàá ń tò sórí ìlà kan náà. Ìwé tí yóò mú ewu kúrò lára ilé wà lórí tábìlì, ewu wà lára ilé, àwọn ọmọ sì ń sùn níbẹ̀.

Láti December 2022 pẹ̀lú, ilé gbígbé tuntun tó bá ga ju mítà 18 lọ gbọ́dọ̀ ní ẹ̀rọ tó lè kígbe sí àjà kọ̀ọ̀kan pé kí wọ́n jáde. A dúpẹ́. Àmọ́ inú àpótí àtìpa ló wà, panápaná nìkan ló lè ṣí i. Ẹ̀yin tí iná ń jó irùngbọ̀n yín ò lè fọwọ́ kàn án. Kí ẹ máa gbàdúrà kí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ má dá wọn dúró ní Old Kent Road ni. Àwọn ilé àtijọ́, níbi tí ọ̀pọ̀ wa ń gbé, òfin yẹn ò kàn wọ́n rárá.

Ṣùgbọ́n kí n má bú ìjọba nìkan. Ẹ wo ilé wa ní ọ̀sán Sátidé. Ata rodo, tàtàṣé àti àlùbọ́sà ti wọnú òróró gbígbóná, ata kò tíì dín tí áláàmù ti ń han pí-pí-pí. Màmá ní kí ọmọ wá fi táwẹ̀lì fẹ́ ẹ. Bàbá gun àga, ó yọ bátírì, ó jù ú sínú dúrọ́ọ̀, ó parí. Ẹlòmíràn á fi fìlà náílọ́ọ̀nù ìwẹ̀ dé e lórí bí ìyàwó tí kò fẹ́ kí irun òun tutù. Òfin ti ń fi dandan mú onílé aládàáni láti 2015 pé kó fi áláàmù èéfín sí àjà kọ̀ọ̀kan, ìtanràn rẹ̀ sì lè tó £5,000. Fìlà ìwẹ̀ ni àwọn aṣòfin ò ronú kàn.

Èyí tí bátírì rẹ̀ ń kú lọ ló burú jù. Á máa ké pẹ́ẹ́, á dákẹ́, á tún ké pẹ́ẹ́. Ẹ̀gbọ́n á pe láti Abẹ́òkúta.

“Ṣé ẹ ti ń sin adìyẹ ní Lọ́ńdọ̀nù ni?”

“Rárá, ẹ̀gbọ́n mi. Áláàmù iná ni.”

“Kí ló ń sọ?”

“Ó ní ebi ń pa òun.”

“Ẹ fún un lóúnjẹ nígbà náà.”

“A máa ra bátírì lọ́la, ẹ̀gbọ́n mi.”

Kérésì mìíràn á dé, ẹ̀gbọ́n á tún pe, adìyẹ á ṣì máa ké.

Ṣọ́ọ̀ṣì ńkọ́? Ìwádìí tí Yunifásítì Roehampton gbé jáde ní 2013 ka ìjọ aláwọ̀ dúdú 240 ní Southwark nìkan, púpọ̀ nínú wọn sì wà nínú ilé ìkẹ́rùsí àti ṣọ́ọ̀bù àtijọ́. Kí ìjọ tó jókòó sírú ilé bẹ́ẹ̀, ó yẹ kó gba àṣẹ àyípadà ìlò ilé, kó mọ iye orí tó lè gbà, kó sì fi ọ̀nà àbájáde hàn. Àwọn kan gba àṣẹ tán, wọ́n wá to spíkà dí ọ̀nà àbájáde. Bí iná bá wá ṣẹ́ níbi ìṣọ́ òru ńkọ́? Ẹni tó bá figbe ta pé “Iná!”, gbogbo ìjọ á dáhùn “Fáyà!”, wọ́n á sì bọ́ síwájú kí wọ́n lè gbà á.

Ibi tí mi ò ti lè ṣàwàdà ni ti àwọn tí kò lè dá sọ̀kalẹ̀ àtẹ̀gùn. Aláàbọ̀ ara 37 ló ń gbé ní Grenfell, 15 nínú wọn kú. Ní October 2019, ìgbìmọ̀ ìwádìí Grenfell ní kí onílé ṣètò bí ẹnì kọ̀ọ̀kan irú wọn yóò ṣe jáde. Ní May 2022 ìjọba ní ó wọ́n jù. Wọ́n tún ronú, òfin jáde ní 2025, wọ́n sì dá 6 April 2026 fún ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀: kí onílé gogoro wá irú ẹni bẹ́ẹ̀ kàn, kó bá a jókòó, kí wọ́n jọ ṣètò. Ṣùgbọ́n bí ẹni náà bá kọ̀, ọ̀rọ̀ parí. Mo sì mọ àwọn màmá wa. Orúnkún ń ro wọ́n ní àjà kẹwàá, síbẹ̀ wọ́n á ní kò sóhun tó ń ṣe àwọn, kí òyìnbó má baà gbé àwọn lọ ilé arúgbó. Ẹ bá wọn sọ̀rọ̀. Ẹ bá wọn kọ lẹ́tà sí onílé, kí ẹ sì gba èsì rẹ̀ ní àkọsílẹ̀, torí ìwé ni wọ́n ń gbọ́. Ẹ pe London Fire Brigade pẹ̀lú. Wọ́n ń wá yẹ ilé wò lọ́fẹ̀ẹ́, wọ́n sì lè fi áláàmù síbi tó bá yẹ. Kí wọ́n tó dé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣí fìlà kúrò lórí ti àtijọ́.