Alàgbà Súúmù

Àdúgbò tí kò bá ní Alàgbà Súúmù nínú Ìbàdàn tuntun, àwọn ará ibẹ̀ ò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ̀yìn tì ni. Bódìjà ní tiẹ̀, kò sì mọ sí ẹyọ kan. Ring Road ní tiẹ̀. Challenge ní tiẹ̀. Àgbowó pàápàá, tó kún fún akẹ́kọ̀ọ́ fọ́fọ́, kò ṣàìní ọ̀kan tó ti ṣe ọ̀gá ilé ìwé rí. Ẹ ó dá a mọ̀ nípa ẹ̀wù ọlọ́pọ̀ àpò tí ọmọ rẹ̀ fi ránṣẹ́ láti Houston, àti ìwé pélébé kan tí kì í kúrò ní abíyá rẹ̀.

Ẹ bi í léèrè ohun tó ń ṣe látìgbà tó ti fi iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀, á ní, "Ẹyẹ ni mò ń yà ní fọ́tò." Ẹyẹ wo? Kò tíì ya ọ̀kan. Kámẹ́rà ni kò tíì rà.

Ẹ má pè é ní ahun o. Owó wà. Àwọn ọmọ ti ní, "Dádì, ẹ ṣáà sọ èyí tí ẹ fẹ́, a ó fi ránṣẹ́." Ibi tí wàhálà ti bẹ̀rẹ̀ gan-an nìyẹn, nítorí èyí tí Dádì fẹ́ lánàá kọ́ ni Dádì fẹ́ lónìí. Nikon P900 ló kọ́kọ́ wù ú, èyí tó jáde ní 2015, tó ń fa nǹkan sún mọ́ni ní ìlọ́po 83. Ó gbàdúrà lé e lórí. Kó tó ṣe àmín, P1000 dé ní 2018, ìlọ́po 125! Alàgbà fò sókè. Ó wá kà á pé ó wúwo tó kílò kan àti ààbọ̀ dín díẹ̀, ó tún jókòó. Ó ní ẹrù bẹ́ẹ̀ kò bá ọrùn àgbà mu. Ó yíjú sí Canon SX70, tí kò tó ìdajì ìyẹn ní ìwọ̀n, ìlọ́po rẹ̀ sì jẹ́ 65. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti gbọ́ 125 rí, báwo ló ṣe fẹ́ sùn ti 65?

Ọmọkùnrin kan tó ń ta kámẹ́rà tọ́kùnbọ̀ ní Queen Cinema gbìyànjú láti là á lọ́yẹ. Ó ní, "Dádì, ìlọ́po yẹn kọ́ ni ibi tí kámẹ́rà ríran dé o. Wọ́n kàn ń fi ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ pín ibi tó parí sí ni. SX70 bẹ̀rẹ̀ láti mìlímítà 21, ó parí sí 1365. P1000 bẹ̀rẹ̀ láti 24, ó parí sí 3000. Ẹ wá wo Sony RX10 IV yìí, sà. Ó bẹ̀rẹ̀ láti 24, ó parí sí 600. Ìlọ́po 25 péré nìyẹn, àmọ́ ojú tó fi ń gba ìmọ́lẹ̀ nínú lọ́hùn-ún fẹ̀ tó ti àwọn tó kù lọ́nà mẹ́rin. Tí ẹ bá wọ igbó tó ṣókùnkùn, tí ẹyẹ ò dúró, òun ló máa gbà yín."

Alàgbà kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, ó fa ìlà sábẹ́ 3000. Ó ní, "O ṣeun, ọmọ mi. Èló ni onílọ́po 25 yẹn?" Wọ́n dárúkọ owó rẹ̀. Ó bọ́ awò ojú. "Ìlọ́po 25 lẹ̀ ń tà ní iye yìí? Tó sì wọ́n ju ti 125 lọ?" Ó jáde níbẹ̀ tòun ti ìbínú ẹni tí wọ́n fẹ́ rẹ́ jẹ.

Igbó tí ọmọ yẹn ń wí kò kúkú jìnnà. IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ ọ̀gbìn tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1967 lójú ọ̀nà Ọ̀yọ́, ní igbó tó tó nǹkan bí héktà 350 tí wọn kò jẹ́ kí àdá ó kàn. Ẹyẹ kan ń gbébẹ̀ tó ń jẹ́ orúkọ ìlú wa káàkiri ayé: Malimbus ibadanensis, ìbátan ẹ̀ga, dúdú tòun ti pupa. J. H. Elgood, onímọ̀ nípa ẹranko ní yunifásítì Ìbàdàn, ló fi í han àwọn onímọ̀ ní 1958. Ẹ wá a dé òpin ayé, ẹ ò ní rí i níbòmíì àfi apá gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà níbí. Gbogbo èyí ni Alàgbà mọ̀. Ó lè sọ ọ́ fún yín níbi ìkómọ kí ìrẹsì tó kàn yín. Àmọ́ kò dé igbó náà rí. Ó ní òun ò lè lọ lọ́wọ́ òfo, bí ẹni pé ilé àna ló ń lọ.

Ọ̀rọ̀ ìwọ̀n tún wà ńlẹ̀. Ó ṣẹlẹ̀ pé Canon ní èyí tó kéré, SX740, tó ń súúmù ní ìlọ́po 40 tí kò sì tó ìdá mẹ́ta kílò. Àpò bùbá gbà á. Alàgbà ronú sí i lọ́jọ́ tó dúró lábẹ́ Cocoa House ní Dùgbẹ̀. Bí òun bá fa kámẹ́rà gọ̀ǹgbọ̀ yọ níbí, àwọn ọmọ ìta á rí i. Bí òun bá nà án sí ẹyẹ lẹ́bàá Sẹkitéríàtì l'Ágodi, ọlọ́pàá á bi òun pé ta ló rán òun. Kékeré ló dáa. Ṣùgbọ́n bí òun bá gbé kékeré lọ síbi ìkórè, ṣé àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì ò ní rò pé fóònù ni? Kámẹ́rà tí ọlọ́pàá kò ní rí, tí àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì kò sì ní ṣàìrí, òun gan-an ni Alàgbà ń wá. Ilé iṣẹ́ kankan ní Japan kò tíì ṣe é.

Ní gbogbo àkókò yìí, àwọn ẹ̀ga ń kọ́lé sórí ọ̀pẹ tó wà nínú ọgbà rẹ̀. Akọ ń já imọ̀, ó ń hun ún, ó ń ta kọ́ sódì pe abo pé kó wá wo yàrá. Aya rẹ̀ ní, "Bàbá Dìméjì, ẹyẹ rèé o. Ẹ ò fi fóònù yà á?" Ó ní, "Fóònù? Ṣé bí wọ́n ṣe ń ya ẹyẹ nìyẹn?" Ó tún pe mẹ́gáàdì pé kó bá òun fi òkò lé wọn, pé ariwo wọn kò jẹ́ kí òun gbọ́ ohun tí òyìnbó ń sọ lórí YouTube nípa bí a ṣe ń ya ẹyẹ.

Ọdún 2015 tí P900 jáde, ọdún náà ni IUCN, àjọ tó ń dáàbò bo ẹ̀dá inú ayé, ka igún, ìyẹn èyí tó máa ń bà sórí òrùlé nígboro, mọ́ àwọn ẹyẹ tó kù díẹ̀ kí wọ́n pa rẹ́ pátápátá. Igún tí àwọn bàbá wa ní a kì í pa, ìsọ̀ àwọn tó ń ta èèlò oògùn ló wà báyìí. Nígbà tí wọ́n ṣì ń pa màlúù ní ọjà Bódìjà, ẹyẹ tó ń wá ìfun kò bi ẹnikẹ́ni ní ìlọ́po. Iwájú ẹni ló ń bà sí. Alàgbà ń bá wọn pàdé nígbà náà, ó ń dimú kọjá. Ní báyìí, ó ní, "Ẹ ò rí i pé àwọn ẹyẹ yìí ti jìnnà? Ìdí tí a fi nílò súúmù tó gùn nìyẹn." Lójú tiẹ̀, jíjìnnà ni wọ́n jìnnà.

Kí n má purọ́ mọ́ ọn, ó padà rà á. P1000 gúnlẹ̀ láti Houston, ọrùn àgbà sì gbà á. Òṣùpá ló kọ́kọ́ yà, nítorí òṣùpá kì í fò. Gbogbo kòtò ojú rẹ̀ hàn kedere, ó gbé e sórí WhatsApp, àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o sà, iṣẹ́ Olúwa mà tóbi." Lẹ́yìn ìyẹn ló ń fi í wo ẹni tó ń bọ̀ wá gba owó ẹgbẹ́ àdúgbò láti ìkángun òpópónà, kó lè ráyè sọ pé òun ò sí nílé. Ẹyẹ ńkọ́? Ẹlúlùú kan ké nínú igbó ẹ̀yìn ilé. Alàgbà fa súúmù dé 3000, ewé nìkan ló kún ojú kámẹ́rà. Nígbà tó fi máa rí ẹ̀ka, ẹlúlùú ti lọ. Ó tún gbìyànjú lé àwòdì kan lọ́sàn-án gangan. Ooru òrùlé páànù ń gbọ̀n lójú afẹ́fẹ́, àwòdì náà ń gbọ̀n pẹ̀lú rẹ̀ nínú fọ́tò bí ẹni tí ibà mú. Ó ní ẹyẹ Ìbàdàn ò ní sùúrù.

Ní 2025, Nikon gbé P1100 jáde. Láti 24 dé 3000 náà ni, ìlọ́po 125 náà ni. Ohun tó hàn jù pé wọ́n pààrọ̀ ni ihò tí wọ́n ti ń cháàjì rẹ̀, tó di USB-C. Alàgbà lu tábìlì. Ihò yẹn ló ti ń bá òun jà látọjọ́ yìí! Ó ti ṣí ojú ìwé tuntun, ó ti fa ìlà.

Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá ń wá P1000 tọ́kùnbọ̀ tó ṣì dà bí tuntun, kí ó má wulẹ̀ dààmú dé Queen Cinema. Ọ̀kan wà ní Bódìjà tí wọ́n fẹ́ tà. Ẹni tó ni ín ń fọwọ́ sọ̀yà pé ẹyẹ kankan kò bà sínú rẹ̀ rí.