Sí Apá Kejì, Níbikíbi Tí Ẹ Bá Wà

Ẹ̀yin Apá Kejì wa ọ̀wọ́n,

A kí yín láti Adja-Ouèrè ní ilẹ̀ Benin, a kí yín láti Ikpinlè, láti Massè àti gbogbo abúlé tó yí wa ká. Ẹ̀gbọ́n yín, Apá Kìíní, ti dé ọ̀dọ̀ wa tipẹ́. Ó pa wá lẹ́rìn-ín, ó pa wá lẹ́kún, ó sì fi wá sílẹ̀ lórí ìdúró. Ó ní ẹ ń bọ̀ lẹ́yìn. Kò sọ ọdún tí ẹ ń bọ̀.

Ǹ bá fi lẹ́tà yìí ránṣẹ́ sílé yín, àmọ́ ẹ ò nílé. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí gbogbo ayé bá wa kà á. Ẹni tó bá ti jókòó sídìí fíìmù Yorùbá rí ló lẹ́jọ́ kan láti bá yín rò.

Ẹ jẹ́ ká ti ibi tí ẹ̀gbọ́n yín parí sí bẹ̀rẹ̀. Ilẹ̀ ti ṣú, kúráńtì kò lọ (a dúpẹ́), àgbàlá kún. Àwọn ìyá tó ń bó gbágùúdá ti gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. Ìyàwó kékeré ti da májèlé sínú ọbẹ̀. Ọkọ bu òkèlè, ó rún un mọ́ ọbẹ̀, ó gbé e sókè, ọwọ́ ku díẹ̀ kó kan ẹnu. Ọwọ́ dúró. Òkèlè dúró. Ìlù dún gbì, àkọlé pupa yọ lójú télé: ẹ máa retí apá kejì. Ọmọdé bú sẹ́kún, àgbà ń ṣépè, onítélé ń wá ibi tí yóò pa á sí. Ọ̀gá mi, láti ìgbà ìkórè àgbàdo ni òkèlè náà ti wà lọ́wọ́ ọkùnrin yẹn. Kò jẹ ẹ́, kò sọ ọ́ nù. Ọmọ ta ni wọ́n ń ṣe báyìí fún?

Nígbà tí ẹ bá wá dé, ṣé ẹ máa ń tètè sọ̀rọ̀ ni? Rárá o. Ìpolówó fíìmù mìíràn ni ẹ óò kọ́kọ́ kó kalẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ óò tún Apá Kìíní rò látòkè délẹ̀, bí ẹni pé orí wa ti dàrú kí ẹ tó dé. Ó wá ku mọ́tò. Ọkùnrin náà á jáde nílé, á ṣí géètì, á wọ mọ́tò, á máa wà á lọ ní títì gbọọrọ, orin á máa dún, ẹnikẹ́ni ò ní sọ nǹkan kan. Ohun tí a ń dúró dè wá di ti ìṣẹ́jú márùn-ún ìkẹyìn: ìyàwó kékeré ya wèrè lójú ọjà, ó ń ka ibi tó ṣe, ọlọ́pàá dé, pásítọ̀ dé, ó parí. Ẹ ò ṣe kúkú fi ìṣẹ́jú márùn-ún yẹn lé ẹ̀gbọ́n yín lọ́wọ́, kí oníkálukú lọ sùn?

Ẹ má dáhùn, a mọ̀dí ẹ̀. Nígbà tó jẹ́ pé ilé sinimá ni wọ́n ti ń wo fíìmù Yorùbá, láyé Àjàní Ògún ọdún 1976, ẹni tó bá ra tíkẹ́ẹ̀tì, ìtàn tó tán ló máa wò. Fídíò ló sọ yín di púpọ̀. Ìtàn kan di kásẹ́ẹ̀tì méjì, kásẹ́ẹ̀tì méjì di owó méjì. Ní tiwa lápá ibí, Nàìjíríà ni ẹ ti ń bọ̀, ẹ tún fi ẹnubodè lé e. Nígbà tí Nàìjíríà ti ẹnubodè rẹ̀ pa lóṣù kẹjọ ọdún 2019, tí kò bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí i títí di oṣù kejìlá ọdún 2020, ọ̀rọ̀ ìrẹsì àti epo bẹntiróòlù ni gbogbo ènìyàn ń sọ. Kò sẹ́ni tó bi wá nípa yín.

Ní báyìí tí fíìmù ti kó lọ sórí YouTube, a rò pé ìyà ti tán. A tẹ orúkọ yín sínú fóònù, mẹ́wàá jáde. Èyí tó kọ́kọ́ pe ara rẹ̀ ní Apá Kejì, Apá Kìíní ni. Orúkọ ni wọ́n yí. Ìkejì, arákùnrin kan ló jókòó sí yàrá rẹ̀ tó ń fẹnu ro fíìmù náà fún wa. Dátà ti lọ. Kpayo pọ́ńbélé! A mọ kpayo, epo bẹntiróòlù fàyàwọ́, níbí, inú ìgò ni wọ́n ń tà á lẹ́bàá títì fún àwọn onízémidjan, ọlọ́kadà wa. Àmọ́ tinú ìgò yẹn ṣì ń jẹ́ kí alùpùpù rìn.

Ẹ má rò pé mo kórìíra ìdílé yín. Mo mọ àwọn tí wọ́n tọ́ dáadáa níbẹ̀. Saworoidẹ ti Túndé Kèlání jáde ní 1999, ó sì tán. Nígbà tí Agogo Èèwọ̀ dé ní 2002, ìlú Jogbo kan náà ló padà sí, ọ̀ràn tuntun ló sì gbé lọ bá wọn. Kèlání yìí náà fa Ti Olúwa Ni Ilẹ̀ dé apá kẹta, a ò ráhùn.

Ti fíìmù Aníkúlápó ni mi ò tíì mọ ohun tí n óò sọ sí. Kúnlé Afọláyan (ọmọ Adé Love tó ṣeré nínú Àjàní Ògún yẹn, ẹ rí i pé ilé kan náà la wà) pa Saro, akọni fíìmù náà, ní 2022. Ikú náà tọ́ sí i, ìtàn tán, mo pàtẹ́wọ́. Nígbà tó di 2024, ẹ tún yọ, ẹ ti di alápá mẹ́fà, ẹ sì gbé Saro dìde. Mo gbà pé fíìmù òkú jíjí ni. Mi ò kàn mọ̀ pé ẹ̀yin ni àkàlà, ẹyẹ tó ń jí òkú níbẹ̀.

Ní ti àmì-ẹ̀yẹ, ẹ pẹ̀lẹ́. Láti 2013 tí AMVCA ti bẹ̀rẹ̀ ní Èkó, wọ́n ń fún aránṣọ, wọ́n ń fún ẹni tó kun òṣèré lójú, wọ́n ń fún ẹni tó gbé kámẹ́rà. Mi ò tíì gbọ́ kí wọ́n pe ẹnì kan jáde nítorí pé ó parí ìtàn rẹ̀. Lóṣù karùn-ún ọdún 2025, Lisabi: The Uprising ló gba ti fíìmù èdè ìbílẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ẹ̀gbọ́n nìyẹn o. Ẹ̀yin àbúrò tí ẹ dé lóṣù kìíní ọdún náà, tí ẹ ń jẹ́ A Legend Is Born, ẹ bá wọn pàtẹ́wọ́. Mo rẹ́rìn-ín, ẹ má bínú.

Ohun tó ń dùn mí gan-an kò tíì jáde lẹ́nu mi. Ibi tí ẹ ò ti wúlò, ẹ ti jókòó síbẹ̀. Ibi tí a ti nílò yín, ẹ kì í yọjú. Ní 2022, àwọn ará Amẹ́ríkà gbé The Woman King jáde. Viola Davis di olórí àwọn obìnrin jagunjagun Dahomey, wọ́n fi ìtàn náà sí ọdún 1823, àwọn Ọ̀yọ́ ni wọ́n fi ṣe ìkà. Fíìmù náà dùn, n ò ní purọ́. Oscar ò tiẹ̀ dárúkọ rẹ̀ mọ́ àwọn tó ń díje, ìyẹn sì bí mi nínú. Àmọ́ nígbà tí orúkọ àwọn òṣèré ń gòkè, a dúró de àkọlé pupa. Kò yọ. Amẹ́ríkà tó fa ìtàn àwọn tó ń sáré mọ́tò dé apá mẹ́wàá, ìtàn yìí ni wọ́n mọ̀ pé ó tán!

Kò tán o. Kétu ni ìyókù rẹ̀ wà. Ẹ gba Pobè, ẹ máa lọ sókè. Ogun Dahomey lọ bá Kétu ní 1883, ó tún padà, ó dó ti ìlú náà, ìlú sì fọ́ ní 1886, láyé Glèlè, ọba Dahomey. Wọ́n kó àwọn ènìyàn lẹ́rú. Ní 2024, Mati Diop gba Béárì Wúrà ní Berlin pẹ̀lú fíìmù Dahomey, ìtàn àwọn ohun ọba 26 tí Faransé dá padà ní 2021. Ère sọ Fọ̀n níbẹ̀, irun ara mi dìde. Ìtẹ́ Glèlè wà lára ẹrù náà. Gbogbo ayé ń bi ìtẹ́ yẹn bí Paris ṣe rí. Èmi fẹ́ bi í bóyá orí rẹ̀ ni wọ́n jókòó sí lọ́jọ́ tí wọ́n pàṣẹ ti Kétu.

Bí ẹ bá kúrò ní Kétu, ẹ yà sọ́dọ̀ àwọn Ọ̀họ̀rí, tí wọ́n dìde sí Faransé ní 1914, tí ilẹ̀ abàtà wọn kì í jẹ́ kí ọmọ ogun rí ibi tẹsẹ̀ sí nígbà òjò. Ẹrẹ̀ náà ṣì wà, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ kàn jọ̀ọ́, ẹ má sọ èdè Èkó níbẹ̀.

Àwa ti pín ipa fíìmù Kétu kalẹ̀ ní tiwa. Aláàkàrà ọjà Ikpinlè ni ìyá ọba, ó sì ti ní òun ò ní kú nínú fíìmù. Àwọn onízémidjan ni ọmọ ogun, wọn yóò gbé ọ̀kọ̀ wọn wá. Ẹni tí yóò ṣe Glèlè ló kù. Ẹnì kan ṣoṣo ló gbà, ó sì ní a gbọ́dọ̀ sanwó òun kí òun tó jókòó lórí ìtẹ́.

Tiyín nítòótọ́,
Òǹwòran kan ní Adja-Ouèrè