Ẹ Bá Wa Wá x

Bí WAEC bá ti ku dẹ̀dẹ̀, gbogbo ilé ní Ìkòtùn ló ń wá x. Ọdún 1952 ni wọ́n dá àjọ náà sílẹ̀, x ò sì tíì yéé sọnù. Bébà kejì ìṣirò ló le: ìbéèrè 13, kí ẹ dáhùn 10, márùn-ún àkọ́kọ́ ò ṣeé fò.

Ṣùgbọ́n ọmọ tó ń làágùn lórí èrè àti àdánù ní lẹ́sìn, ẹ rán an lọ sọ́jà wò: ta ló máa rẹ́ ẹ jẹ nínú ṣéńjì?

Kọ́ńdọ́kítọ̀ Ẹ̀gbẹ́dá sí Ìgàndó tiẹ̀ ga jù ú lọ. Á so èrò mẹ́ta pọ̀ mọ́ ẹgbẹ̀rún náírà kan, á ní kí wọ́n lọ yanjú ẹ̀ nísàlẹ̀. Simultaneous equation pọ́ńbélé nìyẹn, àfi pé kò sí máàkì fún àlàyé.