Káàdì Kan, Bàbá Méjì

Ẹ̀yin náà mọ̀ mí, n kì í gbé ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀ kiri. Ṣùgbọ́n èyí tí ojú mi rí ní Abúlé Ẹ̀gbá níbí, bí n kò bá sọ ọ́, inú mi á bẹ́.

Ìyá kan wà ládùúgbò wa tó fẹ́ fi ọmọ fọ́kọ. Mo bá a yọ̀ dénú. Mo ti sanwó aṣọ ẹbí, aṣọ ti wà lọ́dọ̀ télọ̀. Lọ́jọ́ Ẹtì ni wọ́n mú káàdì ìpè wá fún mi: bébà tó nípọn bí pátákó, lẹ́tà wúrà tó ń kọ mànà. Mo ka orúkọ àwọn òbí ìyàwó. Ìyá rẹ̀ rèé. Bàbá tí wọ́n kọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni ọkọ tí ìyá náà fẹ́ kẹ́yìn, ọkùnrin jẹ́jẹ́ tó ń gbé ọmọ yìí lọ sílé ìwé lórí ọ̀kadà láti kékeré. Mo ní, ó dáa bẹ́ẹ̀, ó jàre.

Ó di Sátidé, níbi ìpàdé ẹgbẹ́ wa, ni ọ̀rẹ́ mi kan yọ káàdì tirẹ̀ nínú báàgì. Bébà kan náà. Wúrà kan náà. Ọjọ́ kan náà, gbọ̀ngàn kan náà. Bàbá mìíràn! Bàbá tó bí ọmọ, tó ti bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀ kí ọmọ tó hu eyín, òun ló gbé oyè Olóyè sórí, tó jókòó fẹ̀ǹfẹ̀ síbi orúkọ. Ẹ dúró ná, ẹ má tíì pariwo. Ìyá tí wọ́n kọ tì í, ìyàwó kejì rẹ̀ ni! Obìnrin tó rọbí ọmọ, wọ́n yọ ọ́ kúrò lórí káàdì ọmọ rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló sì fọwọ́ sí i kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́.

Nítorí kí ni? Olóyè ló ń sanwó gbọ̀ngàn. Ó ní ibi tí orúkọ òun kò bá dé, owó òun kò ní í débẹ̀. Ni wọ́n bá dọ́gbọ́n: káàdì Olóyè fún àwọn ènìyàn Olóyè l'Ábẹ́òkúta, káàdì ọkọ ìyá fún àwa ará Abúlé Ẹ̀gbá. Ṣìọ̀!

Ṣómólú ni wọ́n ti tẹ̀ ẹ́. Ẹni tó bá mọ Ṣómólú mọ̀ pé iṣẹ́ ibẹ̀ kì í parí lójú kan: ẹni tó ń ta bébà ọ̀tọ̀, ẹni tó ń ṣe pléètì ọ̀tọ̀, ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ ọ̀tọ̀, ẹni tó ń gé etí rẹ̀ ọ̀tọ̀. Wúrà tí ẹ ń rí yẹn, irin gbígbóná tí wọ́n gbẹ́ orúkọ sí lára ni wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́ mọ́ bébà. Orúkọ yí padà, irin yí padà. Ìyẹn ni pé wọ́n tún dìídì sanwó irin kejì kí irọ́ lè máa dán! Ọmọkùnrin tí wọ́n rán láti lọ kó o wọ BRT ní Òṣòdì, ó gbé páálí méjì sórí itan, kò bèèrè èwo ni ti ta ni. Bó ṣe dé ló ń pín in. Ọlọ́run ò sùn.

Kí n má gbàgbé, nọ́ńbà àkáǹtì wà lẹ́yìn káàdì méjèèjì. Ẹ ò tíì jẹ jọ́lọ́ọ̀fù wọn, ẹ ti jẹ gbèsè. Wọ́n sì lẹ orúkọ ọkọ mọ́ ti ìyàwó, nítorí pé Davido olórin àti Chioma pe ìgbéyàwó tiwọn ní Chivido lóṣù Kẹfà 2024. Ti àwọn tiwa yìí dà bí orúkọ oògùn aràn. Láyé àwọn ìyá wa, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń pe àgbà, wọ́n á kúnlẹ̀ lójúlé kọ̀ọ̀kan. Ta ló máa kúnlẹ̀ síwájú ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ kó pe bàbá méjì?

Ẹ tún wo ti ìwé ẹ̀rí ìgbéyàwó. Ìwé tí òfin Nàìjíríà là sílẹ̀ ní àyè fún orúkọ bàbá ìyàwó àti iṣẹ́ tó ń ṣe. Àyè kan péré, kò sí ti Abẹ́òkúta, kò sí ti Abúlé Ẹ̀gbá. Mo bi ìyá ìyàwó léèrè, pẹ̀lú ìfẹ́ o, ta ni wọ́n máa kọ síbẹ̀. Ó ní kí n wá jẹ mọ́ínmọ́ín.

Ọkọ rẹ̀ ńkọ́? Wọ́n ní kò tíì sọ̀rọ̀ kankan. Ó kàn ń nu ọkọ̀ rẹ̀ láràárọ̀, ó ń nu ún, ó ń nu ún.

Lọ́jọ́ ìdána, alága ìdúró á kó ọkọ ìyàwó àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ wọlé, á ní kí wọ́n dọ̀bálẹ̀ fún bàbá ìyàwó. Apá ibo ni wọ́n máa kọjú sí? Mo ti pe télọ̀ mi lẹ́ẹ̀mẹta láàárọ̀ yìí. Ìlà iwájú ni mo fẹ́ jókòó sí.