Ojú Tó Ń Wọn Oúnjẹ, Òun Náà Lebi Ń Pa

Kí n tó bẹ̀rẹ̀ àròyé, ẹ jẹ́ kí n ka ẹ̀ṣẹ̀ mi sílẹ̀, kí ẹ lè mọ irú ẹni tó ń bá yín sọ̀rọ̀. Mo wà lára àwọn òṣìṣẹ́ tó ń sọ̀ kalẹ̀ ní ibùdókọ̀ CMS ní Èkó láràárọ̀, tí wọ́n ń ka kálórì kí ikùn lè wọlé, tí ikùn náà sì ń yọ síta sí i. Èmi ni mo máa ń wọn ewé tẹ̀tẹ̀ lórí òṣùwọ̀n títí dórí gíráàmù kan ṣoṣo, tí mo sì máa ń da epo pupa lé e láìwo nǹkan kan ju bó ṣe pọ́n tó lọ. Mo ń wọn ìrẹsì kó tó dé orí iná, mo wá ń ka kálórì rẹ̀ níbi tí wọ́n kọ ti èyí tó ti jinná sí. Mo ń kọ tíì sílẹ̀, mílíkì inú rẹ̀ ń bọ́ lẹ́nu gègé. Gààrí, nítorí pé mímu la ń mu ún, mo ti kà á mọ́ omi. Ohun tí mo ń pè ní ṣíbí kan, ìpọnbẹ̀ ni ẹlòmíràn yóò pè é. Àṣìṣe wọ̀nyí kì í ṣe tèmi nìkan, bí mo ṣe mọ̀, ṣùgbọ́n ohun kan nínú wọn ló ń pa mí lẹ́rìn-ín: gbogbo wọn, ọ̀nà kan náà ni wọ́n dorí kọ. N kì í ṣèèṣì kọ oúnjẹ tí n kò jẹ. Epo tí mo bá fojú wọn kì í pọ̀ lójú mi ju bó ṣe wà nínú ìkòkò lọ. Bí àṣìṣe bá jẹ́ àṣìṣe lóòótọ́, ó yẹ kó máa yà sọ́tùn-ún nígbà míì, kó sì yà sósì nígbà míì. Tèmi kì í yà síbòmíràn àfi ọ̀nà ọ̀fun.

Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé àwọn tó ń sọ pé òṣùwọ̀n wà fún kí iye kálórì lè pé géérégé kò tíì mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ẹlẹ́rìí ni òṣùwọ̀n. Ẹnikẹ́ni tó bá mọ Ọjà Òkè-Àrin tàbí Ẹ̀bùtè-Èrò á mọ̀ pé ìwọ̀n kì í ṣe nǹkan àjèjì sí wa. Kóńgò wà, dẹ̀ríkà wà, àgolo mílíkì wà. Oníbàárà á kọ́kọ́ dojú kóńgò délẹ̀, á yẹ ìdí rẹ̀ wò bóyá wọ́n ti lù ú wọnú. Òǹtajà á rọra bu ìrẹsì sí i kó má baà ki, oníbàárà á ní, “Màmá, ẹ jẹ́ kó kún dáadáa o,” ìrẹsì á ga lórí kóńgò bí òkìtì, èyí tó bá dà sílẹ̀ á bọ́ sínú àpò ẹni tó ń rà, á sì tún béèrè èènì. Ọ̀kan ń fà á wálẹ̀, èkejì ń tì í sókè, ibi tí wọ́n bá wá fẹnu kò sí kì í jìnnà sí òtítọ́. Ṣùgbọ́n tí oníbàárà yìí bá délé, tó fẹ́ wọn èyí tí òun fúnra rẹ̀ máa jẹ, ta ni yóò bá a jà? Òun ni màmá onírẹsì, òun ni oníbàárà, òun náà ló ń fún ara rẹ̀ léènì.

Àwọn tó ṣòwò ní Marina, létí ọ̀sà, ṣáájú wa mọ èyí dáadáa. Lẹ́yìn tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gba Èkó ní 1861, epo pupa àti èkùrọ́ wà lára ọjà tó ń gba etí ọ̀sà yìí kọjá lọ sókè òkun, gálọ́ọ̀nù ni wọ́n sì fi ń dá iye lé epo, nítorí òyìnbó olówò kò fọkàn tán alárinà, alárinà náà kò fọkàn tán òyìnbó. Irú epo kan náà ló ń ṣàn wọnú ìkòkò wa lónìí láìsí ẹni tó ń wo ọwọ́ ẹni tó ń dà á. Nàìjíríà ní Òfin Ìwọ̀n àti Òṣùwọ̀n láti 1974, ṣùgbọ́n òwò ni òfin náà wà fún. Kò sí ọlọ́pàá tó máa kanlẹ̀kùn ilé ìdáná nítorí ẹ̀fọ́ rírò.

Ẹ̀rí tó lágbára jù lórí ọ̀rọ̀ yìí wá láti New York. Ní 1992, Steven Lichtman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde nínú ìwé ìṣègùn New England Journal of Medicine. Àwọn tí wọ́n yẹ̀ wò jẹ́ àwọn tó sanra, tí wọ́n ń búra pé àwọn kì í jẹ tó kálórì 1,200 lóòjọ́, síbẹ̀ tí ara wọn kọ̀ kò jò. Wọ́n ní kí wọ́n máa kọ gbogbo ohun tí wọ́n bá jẹ sílẹ̀ fún ọjọ́ 14, wọ́n sì fún wọn ní omi àkànṣe kan mu, èyí tó ń jẹ́ kí wọ́n lè ti inú ìtọ̀ wọn ṣírò iye agbára tí ara ń lò. Ohun tí àwọn èèyàn náà kọ sílẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi kálórì 1,000 lóòjọ́. Ohun tí wọ́n jẹ lé ní 2,000. Iṣẹ́ ara tí wọ́n ṣe, wọ́n bù ú pọ̀ ní nǹkan bí ìdajì ju bó ṣe rí lọ. Ara wọn kò ní àbùkù kankan, bó ṣe yẹ kó máa sun oúnjẹ ló ń sun ún. Ẹnìkan lè sọ pé èèyàn mẹ́wàá tí wọ́n lò fún apá yìí kéré. Ó kéré lóòótọ́. Àmọ́ ìwádìí mìíràn tó lo irú omi yẹn ti ń tọ́ka síbi kan náà láti ìgbà náà wá: ẹni tó ń ka oúnjẹ ara rẹ̀ máa ń kà á dín, ẹni tó sanra ló sì sábà máa ń kà á dín jù. Ohun tó wọ̀ mí lára jù ni pé kò sí ẹ̀rí pé irọ́ ni wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ pa. Wọ́n gbàgbọ́ pé bẹ́ẹ̀ ló rí. Èmi náà máa ń gbàgbọ́.

Ká wá wo ibi tí kálórì ń sá pamọ́ sí. Láti ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún, nígbà ayé Wilbur Atwater ní Amẹ́ríkà, la ti mọ̀ pé gíráàmù kan ṣúgà tàbí ìyẹ̀fun ń fún ara ní nǹkan bíi kálórì 4, purotéènì náà 4, ọ̀rá 9. Ọgọ́rùn-ún gíráàmù ewé ẹ̀fọ́ kì í sábà pé kálórì 50. Ṣíbí ńlá epo kan ṣoṣo, tí kò ju gíráàmù 14 lọ, ń lọ sí 120. Ìpọnbẹ̀ kékeré tó bá gba 60 mìlílítà epo ń súnmọ́ 500. Ẹni tó ń wọn ewé tó sì ń fojú wọn epo kò yàtọ̀ sí ẹni tó ń bá kọ̀ǹdọ́ jà lórí ṣéńjì, tó wá gbàgbé owó oṣù rẹ̀ sórí àga danfo. Ẹ wo ẹ̀wà àgànyìn. Ẹ̀wà náà kò ṣẹ̀ wá. Ata dúdú tí wọ́n dín nínú epo títí tó fi gbẹ ni ká bá wíjọ́. Tí èèyàn bá jẹ ẹ́ tán, epo pupa á ṣì máa dán ní ìsàlẹ̀ abọ́, búrẹ́dì Agége la sì fi ń nù ún mọ́. Búrẹ́dì yẹn kì í wọ ìwé mi. Ohun èlò ni mo kà á sí. Ní Pópó Àgùdà bákan náà, frejon ni oúnjẹ Ọjọ́ Ẹtì Rere, ẹ̀wà tí wọ́n lọ̀ kúnná pẹ̀lú oje àgbọn tí wọ́n fún. Ààwẹ̀ ẹran la ń gbà lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n ọ̀rá àgbọn kò gbọ́ nípa ààwẹ̀.

Ibì kejì ni omi. Ìrẹsì tí a kò tíì sè ní nǹkan bíi kálórì 360 nínú 100 gíráàmù; tó bá jinná, 100 gíráàmù rẹ̀ á ku nǹkan bíi 130, nítorí omi tó mu. Ẹni tó bá wọn 200 gíráàmù kó tó sè é, tó wá fi iye ti jíjinná ṣírò rẹ̀, á kọ 260 fún oúnjẹ tó ju 700 lọ. Ó wọ̀n ọ́n o, òṣùwọ̀n rẹ̀ kò sì parọ́. Bó ṣe rí náà nìyẹn pẹ̀lú èbà: gààrí ń wú, kálórì rẹ̀ kì í wú, nítorí náà gààrí gbígbẹ ló yẹ ká wọn, kì í ṣe òkèlè.

Àtakò pọ̀ sí gbogbo èyí, àwọn kan nínú wọn sì dùn lẹ́nu mi fún ìgbà pípẹ́. Wọ́n ní oúnjẹ òyìnbó nìkan ni wọ́n ṣírò, pé ta ló mọ kálórì inú ọ̀jọ̀jọ̀? Àwọn tiwa mọ̀ ọ́n. Oguntona àti Akinyele tẹ ìwé kan jáde ní Ìbàdàn ní 1995 lórí èròjà inú oúnjẹ tó wọ́pọ̀ ní Nàìjíríà, àjọ FAO náà sì gbé àtẹ ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà jáde ní 2012. Wọ́n tún ní iye tó wà lára páálí oúnjẹ pàápàá kò pé, pé ní Amẹ́ríkà òfin fàyè gbà á kó fi ìdá ogún nínú ọgọ́rùn-ún kọjá iye tí wọ́n kọ. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n tí páálí kan náà bá ń ṣì mí lọ́nà níwọ̀n kan náà lójoojúmọ́, bí ara mi ṣe ń jò tàbí tí kò jò á fi hàn mí láàárín oṣù kan, màá sì dín in. Ojú ló burú, torí bí ebi bá ṣe ń pa á tó ló ṣe ń rí.

Àtakò tí mo fẹ́ràn jù ni ti iṣẹ́ ara. A ń fò mọ́ danfo, a ń gun àtẹ̀gùn ibùdó rélùwéè Marina, a ń fẹsẹ̀ rìn dé Ìdúmọ̀tà nínú oòrùn: ṣé kì í sun ni? Ó ń sun. Ẹni tó wọn 80 kílò tó bá rin kìlómítà kan á sun nǹkan bíi kálórì 60 sí 80. Ẹ̀kúnwọ́ ẹ̀pà yíyan kan láti inú ìgò tí wọ́n ń tà lójú ọ̀nà, bó bá wọn 30 gíráàmù, ti lọ sí nǹkan bíi 170, ta ló sì ń jẹ ẹ̀kúnwọ́ kan? Ìwádìí kan tó jáde ní 2008 fi irú omi àkànṣe tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan wé àwọn obìnrin Ìgbó-Ọrà nílẹ̀ Ìbàràpá pẹ̀lú àwọn obìnrin aláwọ̀ dúdú ní Maywood, lẹ́bàá Chicago. Àwọn ti Maywood sanra ju ti Ìgbó-Ọrà lọ dáadáa. Síbẹ̀, nígbà tí wọ́n ṣírò ìtóbi ara mọ́ ọn, agbára tí àwọn méjèèjì ń lò lórí iṣẹ́ ara kò yàtọ̀ sí ara wọn. Tí iṣẹ́ ara àwọn obìnrin wọ̀nyí kò bá lè ṣàlàyé ìyàtọ̀ náà, n kò rò pé sísáré lé bọ́ọ̀sì ní CMS á lè ṣe é.

Èyí tó kù ni pé èèyàn kò lè gbé òṣùwọ̀n lọ sí òde àríyá ní Ìsàlẹ̀ Èkó, tàbí kó tẹ́ ẹ sórí tábìlì bùkà lábẹ́ afárá. Kó má ṣe gbé e lọ, jàre. Ẹni tó bá wọn ìrẹsì àríyá níwájú ìyá ọkọ kò ní rí ẹran lórí rẹ̀. Ojú nìkan la ní níbẹ̀, ṣùgbọ́n ojú tí a ti mọ irú irọ́ tó ń pa ṣe é bá lò: ohunkóhun tó bá sọ, ká fi ìdajì lé e, ká tún fi díẹ̀ sí i. Àwọn tí ṣíṣọ́ oúnjẹ ti di àìsàn sí lára, àti ẹni tó lóyún tàbí tó ní ìtọ̀ ṣúgà, dókítà ni kí wọ́n bi, kì í ṣe èmi.

Fún ẹ̀yin yòókù, iṣẹ́ kan ṣoṣo ni mo bẹ̀ yín sí. Kí ẹ tó dáná, ẹ gbé ìgò epo lé òṣùwọ̀n, ẹ tẹ bọ́tìnì tó ń dá a padà sí òdo, ẹ mú un, ẹ da èyí tí ẹ fẹ́ dà, ẹ sì dá ìgò náà padà sórí rẹ̀. Iye gíráàmù tó bá sọ pé ó dín, ẹ fi 9 sọ ọ́ di púpọ̀: kálórì epo tó wà nínú ìkòkò yín nìyẹn, ẹ̀fọ́ kò tíì sí nínú rẹ̀.